Ibi Tí Àwọn Ewúrẹ́ Kì í Kọjá

Ẹni tó bá wù kó pè é ní irọ́. Ẹni méjì ló fẹsẹ̀ ara wọn tẹ ibẹ̀, kò sì sí èyí tó mutí nínú wọn.

Obìnrin ni ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti ojú ọ̀run, kó fa ìlà yí ibi tí òkè bá ti ya lulẹ̀ ká. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i pé òkè ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ti ya. Erùpẹ̀ pupa ti ṣàn wálẹ̀. Ìdajì òrùlé kò sí mọ́.

Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, ṣé ẹ wà láyè?"

"Ta ló pa mí?" ni bàbá dáhùn. "Òkè wà níbi tó wà. Ìwọ ni o kì í wá kí mi."

"Òjìji ìkùukùu lo rí," ni ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òfin iṣẹ́ wọn ni pé wọn kì í pa ìlà kankan rẹ́, wọn kì í sì fà á sórí máàpù, àfi bí wọ́n bá fẹsẹ̀ rìn ín. Wọ́n lọ.

Òkè náà dúró digbí. Obìnrin náà mú ẹ̀rọ atọ́nà lọ́wọ́, ó ń tọ ìlà tó fà sórí àwòrán. Lápá òsì, ewúrẹ́ ti jẹ koríko dé ilẹ̀. Lápá ọ̀tún, nínú ìlà náà, koríko ga dé orúnkún. Ó gbé ẹsẹ̀ wọnú ìlà.

Kò gbọ́ ẹyẹ mọ́. Kò gbọ́ atẹ́gùn. Ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fà sẹ́yìn. Ẹyẹ ń ké.

"Ìwọ náà, wọ ibẹ̀ wò."

Ọkùnrin náà wọ ibẹ̀. Kíá ló jáde, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Ewúrẹ́ kì í ṣàdédé fi koríko tútù sílẹ̀," ló wí.

Ìlà náà gba àárín ilé kọjá. Yàrá wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná wà lóde. Inú ilé ìdáná ni wọ́n ti bá bẹ́ẹ̀dì bàbá.

"Yàrá ti dákẹ́ jù," ni bàbá wí. "Oorun ò kùn mí níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Bàbá ní àgbàlagbà bíi tòun kì í sá fún koríko. Àmọ́ nígbà tó rí omijé lójú ọmọ rẹ̀, ó di ẹrù, ó sì bá a lọ sílé tirẹ̀.

Òjò rọ̀, òjò dá. Òkè ò ya. Nígbà tí àwòrán tuntun dé, ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, òrùlé sì pé. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó sáré lọ sílé láti sọ fún bàbá pé ó lè padà.

Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ rédíò tó ń pariwo. Bàbá jókòó tì í, ó ń yí bọ́tìnnì rẹ̀.

"Bàbá, ẹ lè relé o!"

Bàbá ò gbójú sókè. Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn. Kò gbọ́ rédíò mọ́. Bàbá rí i wàyí, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń tọ́ka sí rédíò bí ẹni tó ń béèrè ohun tó ṣe é.

Ó di ọwọ́ bàbá mú, ó fà á jáde síta. Ọkọ̀ ń kọjá ní títì. Obìnrin náà kò gbọ́ ìró ọ̀kankan; ìdákẹ́ yàrá náà ti bá bàbá wá.