Ta Ló Ké “Ó Dákú”?

Ẹsẹ̀ òkú náà wà lórí ìdì aṣọ. Ẹnì kan ti tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Tó o bá wò ó nílẹ̀ yàrá ooru ilé ìfọṣọ yẹn, wàá rò pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ti jáde, ó sì ti fi ìdábùú irin há ilẹ̀kùn láti ìta.

“Ta ló ṣí i?” Ìyá Sùúrù béèrè. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà nìyẹn, nítorí kì í kánjú, kì í sì í gbàgbé.

“Èmi ni,” ọ̀gá ilé ìfọṣọ dáhùn. “Mo fẹ́ kó aṣọ tó ti gbẹ. Ara rẹ̀ ti le nígbà tí mo débẹ̀.”

Dákúdájí ni wọ́n ń pe olóògbé náà, òun gan-an ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni ooru ti máa ń gbé e ṣubú. Á ṣubú, á sì jí kí ẹ̀rọ tó fọ aṣọ tán. Nígbà tó bá jí, á ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣe òun ní èdè tiwọn, torí ilé ìfọṣọ náà kún fún àwọn àjèjì. Ọ̀gá ní “évanouie” ni ní Faransé, bí èéfín tó pòórá. Gògòrò, ọkùnrin tó ń ká aṣọ, ní “ta suma” ni ní Hausa. Màmá Áyọ́ọ̀nù, tó ń lọ aṣọ, ní “amezimia” ni ní Swahili, bí iná tó kú. Òun náà kọ́ wọn ní “ó dákú.” Ó ní tòun ló le jù, àfi kéèyàn yára fi jíjí tì í lẹ́yìn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ibẹ̀ ni àṣà kan ti bẹ̀rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kéèyàn dá ohùn mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i tó ṣubú á ké e ní èdè ara rẹ̀. Àwọn yòókù á mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀, wọn ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀.

“Kí lẹ gbọ́ lónìí?” Ìyá Sùúrù béèrè.

Gògòrò wolẹ̀. “‘Ó dákú’ la gbọ́, mà. Gbogbo àwa tá a wà nínú ilé.”

Èèyàn méjì péré ni Yorùbá jẹ́ èdè abínibí wọn níbẹ̀. Ọ̀kan ti kú. Èkejì ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí kò tíì pẹ́ níbi iṣẹ́ náà, tó sì ń dá fọ aṣọ lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì ṣubú lójú rẹ̀ níbẹ̀ rí. Ọlọ́pàá tó bá Ìyá Sùúrù wá ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ lọ́wọ́.

Àbúrò náà jókòó sórí agbọ̀n aṣọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi, mà. Tí wọ́n bá ti sùn lọ nílé, èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n. Báwo ni mo ṣe máa wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn?”

“Tí wọ́n bá ti sùn lọ?”

“Màmá wa ló ní kí n máa sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kejì yẹn ò gbọdọ̀ ti ẹnu mi jáde sí ẹ̀gbọ́n mi láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́. Bí ẹ ṣe ń wò mí yìí, mi ò lè sọ ọ́.”

Àánú ọmọ náà ṣe Ìyá Sùúrù gidi. Ṣùgbọ́n àánú kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Ó ní kí wọ́n dúró ná.

Ó kọjú sí ọ̀gá. “Wọ́n ní ẹ bá olóògbé fa ọ̀rọ̀ láàárọ̀.”

“Ó ní ooru pọ̀ jù. Ó tún ní òun máa sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lọ́la, nípa ọmọbìnrin tí ẹ̀rọ ìlọṣọ gé níka, tí mo lé lọ. Mo ní àìfarabalẹ̀ ọmọ náà ló fà á. Ibẹ̀ la bá a dé. Nígbà tí wọ́n ń ké, ìta ni mo wà pẹ̀lú awakọ̀ ilé ìwòsàn tó wá kó aṣọ wọn.”

Awakọ̀ náà jẹ́rìí sí i.

“Ìwọ ńkọ́, Gògòrò? Wọ́n ní o fẹ́ ẹ, ó kọ̀ ọ́.”

“Ó kọ̀, mà. Kò ní kí n má kí òun mọ́. Ìyẹn náà tó mi.” Ó fi ọwọ́ nu imú. “Aṣọ ibùsùn ńlá là ń ká, ẹnì kan kì í dá a ká.” Obìnrin tó di etí kejì aṣọ náà mú ní Gògòrò kò ju etí tirẹ̀ sílẹ̀.

Ojú Màmá Áyọ́ọ̀nù ti pọ́n. “Èmi ò kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù mi. Ìbá ṣe pé mo kúrò. Èmi ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, tí mo máa ń tú ọrùn aṣọ ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni.”

Ìyá Sùúrù padà sínú yàrá ooru, ó bẹ̀rẹ̀ ti òkú náà. Gbogbo aṣọ tó wà lórí okùn ló rún, torí wọn ò tíì lọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n àpò ìrọ̀rí ni ìdì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òkú, wọ́n dán, wọ́n sì tẹ́jú. Ó tú ọ̀kan wò. Kò sí ìlà kíká kankan lára rẹ̀.

Ó nà án sí Gògòrò. “Ọ̀dọ̀ rẹ lèyí ti wá?”

“Rárá, mà. Wọ́n ti lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Bó bá dé ọ̀dọ̀ mi ni, màá ti ká a.”

Wọ́n ti pa ẹ̀rọ.

“Màmá,” Ìyá Sùúrù wí jẹ́jẹ́, “tábìlì yín nìkan ni èyí ti lè wá. Àti pé ọmọ yìí ò lè sọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ké yẹn. Ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ kàn mọ̀ pé èdè wọn ni.”

Màmá Áyọ́ọ̀nù wá àga, kò rí, ó jókòó sílẹ̀.

“Èmi ni mo yọ irin tó ń dáàbò bo ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ ìlọṣọ, kí iṣẹ́ lè yá. Ìka ọmọ yẹn bá a lọ. Wọ́n lé e, mo dákẹ́. Dákúdájí rí mi lọ́jọ́ náà. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n lọ sọ. Ó ní bí mi ò bá sọ, òun á sọ ọ́ lọ́la.” Ó mí kanlẹ̀. “Ọmọ-ọmọ mi ò ní ẹlòmíì lẹ́yìn mi. Mo wọlé lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo kó àpò ìrọ̀rí dání. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun á bá mi lọ, a jọ máa sọ ọ́ ni. Ibẹ̀ ló ti ṣubú. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo ké e ní èdè àbúrò ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá.”

“Ẹ fẹ́ kó kú, ẹ wá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè?”

“Ọwọ́ mi ló ṣe é. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo tó rántí pé mi ò fẹ́ kó jí.”

Wọ́n mú un lọ. Kò bá wọn jà. Ó kàn ń béèrè ẹni tó máa lọ mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé.

Àbúrò olóògbé wọlé. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nílé. Ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹnu sí i létí, ó sì sọ ohun tí ìyá wọn ní kó má sọ láéláé.

“Dákúdájí,” ó wí.

Ó dúró kó jí. Ó dúró títí. Ìyá Sùúrù náà dúró tì í, kò sọ fún un pé ó tó.