Àdúà Tó Wà Lára Ìgò

"Ìyàwó, gbé ọmọ yẹn wá."

Àlájà Salimat ló ń pe Hàúwà, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ní agboolé wọn ní Gàmbàrí, Ìlọrin, lọ́dún 1992. Fìrdáúsì, ọmọ Hàúwà, ń wúkọ́ láti ìdájí, ara rẹ̀ sì gbóná. Àlájà ti mú ìgò kékeré kan jáde nínú ẹrù tó kó bọ̀ láti Mẹ́kà.

Òórùn inú ìgò náà ta Hàúwà nímú. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù. A ò mọ ohun tí wọ́n kọ sí i lára."

"Hábà! Ṣé mi ò kéwú ni? Lárúbáwá ni. Ohun tí wọ́n kọ èdè Kùránì sí lára, aburú wo ló fẹ́ wà nínú ẹ̀?"

Ẹ má tíì dá Àlájà lẹ́jọ́. Láti kékeré, bí ara rẹ̀ ò bá yá, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ Kùránì sí, ni wọ́n ń fún un mu. Ó mọ Lárúbáwá í kà dáadáa, ìtumọ̀ ni kò mọ̀. Púpọ̀ nínú wa ló rí bẹ́ẹ̀, bá a bá máa sòótọ́.

Ó da òróró inú ìgò náà sínú ṣíbí. Ó fi ohùn àdúà ka ohun tó wà lára ìgò, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kà á tán.

"Àmín," ni Hàúwà wí.

Àlájà da òróró náà sí Fìrdáúsì lẹ́nu. Ọmọ náà fẹ́ tu ú dànù, Àlájà dì í lẹ́nu, ó gbé e mì. Kò pẹ́ tí gìrì fi gbé e. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, ó ti dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àáfà Sàlíhù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Lárúbáwá, wá bá wọn kẹ́dùn. Ó rí ìgò náà lójú fèrèsé, ó mú un, ó wò ó títí.

"Àlájà, òróró tí wọ́n fi ń ra ẹ̀yìn tó ń dunni ni èyí."

"Kí ni mo wá kà sórí ọmọ mi, Àáfà?"

Àáfà ò fẹ́ sọ ọ́. Àlájà di aṣọ rẹ̀ mú, àfi kó sọ ọ́.

"'Ẹ má ṣe mu ún. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dé ìdí rẹ̀.' Ohun tí ẹ kà nìyẹn."

Hàúwà tó ṣe àmín sí i ló figbe ta.

Ẹ̀yin ará wa, ó dùn wá láti sọ ìtàn yìí. Kéèyàn mọ̀wé kà yàtọ̀ sí kó yé e. Oògùn tí ẹ ò bá gbọ́ èdè tó wà lára rẹ̀, ẹ má lò ó, ẹ má sì fún ọmọ, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ Lárúbáwá, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ mímọ́ ló ti wá. Ẹ mú un lọ bá ẹni tó gbọ́ èdè náà, kó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ.

Ká ní ẹnì kan ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara ìgò yẹn fún ìyá bàbá rẹ̀ ni, Fìrdáúsì ì bá wà nílé lónìí.