Ojú Rírán Tó Wà Lẹ́yìn Fáìlì

Ìwé ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ti kúrò nínú fáìlì. Akọ̀wé kóòtù ló ṣí i láàárọ̀, ó wá a títí, ó sì ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá kí adájọ́ tó gbọ́. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ó sì mọ ẹni tí gbogbo ojú máa kọ́kọ́ wò.

Inspẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá kì í tètè gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó ní kí akọ̀wé ro ẹjọ́ náà fóun láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Télọ̀ Àgbà yá ọmọkùnrin kan lówó, ọmọ ọ̀hún sì sá lọ,” ni akọ̀wé wí. “Ni Télọ̀ bá pe ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, Ìyá Oníbúrẹ́dì, lẹ́jọ́ pé òun ló ṣe onídùúró, kí kóòtù ta ilé rẹ̀. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù òun ló ti dúró fún àbúrò rẹ̀, lọ́jọ́ tóun kówó sílẹ̀. Màmá dáhùn pé ọsibítù lòun wà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fóun. Lọ́yà Télọ̀ wá tọrọ àyè láti tún ìwé ṣe, adájọ́ sì gbà. Ìwé tuntun wá sọ pé ilé màmá ló ti dúró fún un, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.”

“Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?”

“Kì í kúrò nínú fáìlì, sà. Tuntun la máa ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n àtijọ́ á wà níbẹ̀.”

Inspẹ́kítọ̀ fọwọ́ pa ẹ̀yìn fáìlì náà. Ó wo àwọn tó kù lórí pẹpẹ. Okùn tí wọ́n ta ní kókó ló di gbogbo wọn. Òwú búlúù ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn èyí, ojú rírán rẹ̀ tín-ín-rín, ó gún régé.

“Ta ló wọlé síbí lánàá?”

“Màmá wá béèrè ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Télọ̀ gbé jákẹ́ẹ̀tì mi wá. Mo fi í sílẹ̀ níbí, mo lọ wo ara mi nínú dígí ìsàlẹ̀.”

“Ẹlẹ́jọ́ ló ń ránṣọ fún yín?”

Akọ̀wé sorí kọ́. “Ó mọ̀ ọ́n rán, sà.”

Nígbà tí wọ́n pe àwọn méjèèjì dé, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá Ìyá Oníbúrẹ́dì. Kò kí Télọ̀, Télọ̀ ò sì kí i.

“Ìwé tó máa gbà mí là, kí ni màá jí i fún?” ni màmá bi Inspẹ́kítọ̀.

“Ó jí i kó lè rí irọ́ pa mọ́ mi ni,” ni Télọ̀ wí.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ará àdúgbò kan náà?” ni Inspẹ́kítọ̀ bi wọ́n.

“A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́,” ni Télọ̀ dá a lóhùn.

Inspẹ́kítọ̀ mi orí. “Bàbá, bí aṣọ bá fún mọ́ oníbàárà yín lára, báwo lẹ ṣe ń tún un ṣe?”

Inú Télọ̀ dùn sí ìbéèrè yìí. “Èèyàn á kọ́kọ́ tú ojú rírán àtijọ́. Tó bá rán tuntun lé e, aṣọ ò ní jókòó lára.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Á rán an padà. Télọ̀ gidi kì í fi aṣọ sílẹ̀ ní títú.”

Inspẹ́kítọ̀ gbé fáìlì síwájú rẹ̀, ó ní kí akọ̀wé bọ́ jákẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òwú kan náà ló wà lára méjèèjì.

“Olè lásán ìbá ya ìwé yẹn, kó sá. Ẹ̀yin tú okùn, ẹ yọ ọ́, ọwọ́ yín ò wá gbà kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lọ́yà màmá ní ẹ̀dà, adájọ́ náà sì ti kà á. Òfin gbà yín láyè kẹ́ ẹ tún ọ̀rọ̀ yín ṣe. Tó bá jẹ́ àṣìṣe lásán ni, kí lẹ ń fi àtijọ́ pa mọ́ fún?”

Télọ̀ wo ojú rírán náà pẹ́. “Àbúrò ẹ̀ gbé owó mi sá lọ. Ta ni kí n mú?”

“Ṣé mo dúró fún un?” ni Ìyá Oníbúrẹ́dì bi í.

Télọ̀ fọwọ́ pa òwú búlúù náà.

“Mo ní, ṣé mo dúró fún un?”

“O ò dúró.”

Obìnrin náà wá àga jókòó. Akọ̀wé tó fẹ́ fi hàn pé òun wúlò ti mú sísọ́ọ̀sì, ó fẹ́ tú òwú náà kó lè fi okùn di fáìlì. Ìyá Oníbúrẹ́dì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ló wí. “Ó rán an dáadáa. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ rí i.”