Bó Bá Ṣe Mọ, Ẹ Jẹ́ Kó Mọ Bẹ́ẹ̀

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ọ̀nà kò jìn. Kó wá sí Òde-Ayé, kó béèrè ilé Hàwáù, aya Rùfáì elépo. Aṣọ náà wà níbẹ̀. Ọmọ náà wà níbẹ̀. Kó sáà má mú àlùmọ́gàjí dání wọlé.

Ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ogun ń jà níhà ìlà-oòrùn, aṣọ sì wọ́n bí ojú. Hàwáù ti sin ọmọ méjì. Kò sí èyí tó rìn nínú wọn. Nígbà tó bí ẹ̀kẹta, obìnrin, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ́túndé, àwọn àgbà ní kó tọrọ àjákù aṣọ kiri ojúlé, kí wọ́n rán an pọ̀ fún ọmọ láti fi bora. Ọmọ tí gbogbo ìlú bá dá aṣọ fún, ojú á tì í láti padà.

Sìlífátù, ẹ̀gbọ́n Hàwáù, ló máa rán an. Ẹ̀bá ọ̀nà Òkìtìpupa ló ti ń ránṣọ. Sìlífátù kì í ṣeré pẹ̀lú ìwọ̀n. Bó bá ti ní ínǹṣì mẹ́fà, mẹ́fà náà ni, bí ìyàwó tuntun tilẹ̀ ń sunkún níwájú rẹ̀ pé ìdí ẹ̀wù fún òun.

Igun mẹ́ta ló ní òun yóò fi ṣe é. Ó gé àwọn àjákù ní igun mẹ́rin, ínǹṣì méje ààbọ̀. Ó kó méjì ní ojú kojú, ó fi ẹfun fa ìlà láti igun dé igun, ó rán ọ̀tún àti òsì ìlà náà, ó sì gé e láàárín. Bó bá ṣí i, ojú aṣọ méjì ló dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú igun mẹ́ta aláwọ̀ kan àti igun mẹ́ta aláwọ̀ mìíràn tó fẹ̀yìn tira. Ó lọ̀ ọ́, ó gbé páálí ínǹṣì mẹ́fà ààbọ̀ lé e, ó sì gé etí tó bá yọ dànù. Ààbọ̀ yẹn ni ojú ìrán yóò jẹ nígbà tí wọ́n bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mẹ́fà géérégé ni yóò kù.

Rùfáì yọjú lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé e tóbi tán, ẹ tún ń gé e kù. Ṣé ẹ̀yin àti àlùmọ́gàjí lẹ jọ ń pín in jẹ ni?"

"Bí o bá fún ẹyìn tán, ṣé o máa ń gbé ìhá rẹ̀ mì?"

"Rárá o."

"Jẹ́ kí n da ìhá tèmi nù."

Ojú aṣọ kan wà láàárín wọn tí kò tó láti fi ṣe igun mẹ́ta, aró dúdú tó ní ìlà funfun tín-ínrín bí òjò. Sìlífátù gé e bá páálí. Ó kì í bọ agbọ̀n, ó lọ kírun ọ̀sán. Nígbà tó dé, etí aṣọ náà ti yọ jáde lábẹ́ àwọn yòókù, bí ahọ́n.

Ó gbé páálí lé e. Aṣọ fi ìbú àtàǹpàkò kọjá.

Ó rò pé ojú òun ni. Ó gé e. Òjò ń bọ̀, afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ó tún gbé páálí lé e.

Ó tún kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, Hàwáù gbé ọmọ wá. Ó na ọwọ́ ọmọ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Àná ló fún un mọ́ra. Òwúrọ̀ yìí ló yọ́ bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Okùn ló tú."

"Okùn kò tú."

Ó tẹ́ ọmọ sí yàrá, ó lọ pọnmi. Ọmọ ń sunkún. Sìlífátù fa ojú aṣọ dúdú náà yọ, ó gé e.

Ẹkún dákẹ́.

Ó dá àlùmọ́gàjí dúró. Ẹkún bẹ̀rẹ̀. Ó gé. Ẹkún dákẹ́, kì í ṣe bí ọmọ tó rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó ká ọwọ́ kúrò lára aṣọ. Inú yàrá, ọmọ mí, ó sì figbe ta.

Sìlífátù gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Ó kúnlẹ̀, ó ṣa àgékù nílẹ̀ láti rán wọn padà. Ó rí pupa. Ó rí yẹ́lò. Kò rí dúdú kankan.

"Ta ló fún ọ ní èyí?" ló bi Hàwáù nígbà tó dé.

"Ìyá Jethro, ní Àyèká. Ọwọ́ nìkan ni mo rí, láti inú yàrá. Ó ní, 'Bó bá ṣe mọ, ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀.' Mo rò pé ó ń bẹ̀ mí ni, nítorí aṣọ náà kéré."

Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ bí ọrẹ rẹ̀ bá kéré? Sìlífátù wé gèlè rẹ̀. Wọ́n jọ lọ sí Àyèká.

Ìyá Jethro ń bó gbágùúdá.

"Èmi? Mi ò fún ọ láṣọ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. Mo kígbe pé kò sí."

"Ta ló wà nínú yàrá, ìyá?"

"Jethro ló ni yàrá yẹn. Ó ti lọ sógun." Ó bó gbágùúdá kan tán, ó mú òmíràn. "Ṣé ẹ ti gé e?"

"Díẹ̀."

"Ẹ má gé e mọ́."

Sìlífátù rán an bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú aṣọ yòókù jẹ́ mẹ́fà géérégé, ọ̀kan yọ gọngọ láàárín. Àwọn oníbàárà fi í rẹ́rìn-ín pé aránṣọ ti ń mutí. Kò tún gé e. Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ tún fún un mọ́ ọwọ́. Ọmọ jókòó, ọmọ rìn. Bó ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ojú aṣọ náà ń fẹ̀, tí àwọn yòókù ń ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Ogun parí. Jethro kò dé.

Lọ́dún yìí, láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ojú aṣọ náà kò fẹ̀ kọjá ibi tó wà mọ́.

Rùfáì ti ra aṣọ ilé-ìwé fún Ọmọ́túndé. Ọmọ náà wá síwájú Sìlífátù, ó na apá méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ wọ̀n mí."

Sìlífátù mú téèpù, ó wo ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀, ó rántí ojú aṣọ dúdú náà. Ó fi téèpù kọ́ ìṣó padà.

"Lọ, kó o wá lọ́la."

Àràárọ̀ ni ọmọ náà ń wá báyìí. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na apá.

"Ìyá Aránṣọ, ọ̀la ti dé o."

Téèpù ṣì wà lórí ìṣó.