Ògiri Tó Di Òrùlé Mú

Lóde Òṣùpá, òrùlé kì í wó lu èèyàn. Fífò ni í fò lọ. Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kò sí afẹ́fẹ́ níta níbẹ̀. Inú ilé nìkan ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, afẹ́fẹ́ inú ilé yìí a sì máa ti òrùlé sókè tọ̀sán-tòru. Ògiri ló ń fà á mọ́lẹ̀.

Ìbídùn mọ èyí dáadáa, nítorí iṣẹ́ àyẹ̀wò ilé ló kọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ni nínú agboolé kan nílùú Òkè-Òṣùpá, ìyàwó tó sì gbẹ̀kọ́ ni. Ọmọ tó bá nílé ọkọ, kódà bó ṣì ń rákòrò, kì í pè é lórúkọ.

Fáníyì ọkọ rẹ̀ àti Láoyè tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Fáníyì ti bára wọn jà rí. Bàbá wọn fi ìbínú kọ́ ògiri sáàárín ilé, ó ní kí kálukú máa gbé apá tirẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, wọ́n parí ìjà, Láoyè sì búra pé ògiri ìtìjú náà gbọ́dọ̀ kúrò kí àwọn tó jọ jẹun.

Ìbídùn gbé awògiri lé e, ẹ̀rọ tí í fi inú ògiri hàn. Nígbà tí wọ́n kọ́ ògiri yìí, àwọn bíríkìlà ti gé okùn irin àtijọ́ tó di òrùlé mú tẹ́lẹ̀ kúrò, wọ́n sì so òrùlé mọ́ ọn. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Láoyè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ògiri yìí ló di òrùlé mú."

Láoyè rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, òrùlé tí mo lè fọwọ́ kan gbé níbí tí gbogbo nǹkan ti fúyẹ́?"

"Kì í ṣe bó ṣe wúwo tó ni, sà. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í sókè. Ẹ jẹ́ ká so okùn mìíràn ná."

Ojú Láoyè yí padà. "Ṣé o fẹ́ kí èmi àti àbúrò mi tún pínyà ni? Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé gún."

Ìbídùn wo ojú ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà padà ni, kò fẹ́ tún pàdánù rẹ̀. Ni obìnrin yìí bá ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ ilé dára, àmọ́ irú èyí máa ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gé ògiri, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ di ayùn ìmọ́lẹ̀ mú, wọ́n ń ṣàwàdà, kò sẹ́ni tó wọ ẹ̀wù èémí. Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà tó já sọ́dọ̀ àwọn ará ilé yòókù. Òrùlé han goooro, ó gbéra. Afẹ́fẹ́ ń sá jáde, ó ń wọ́ àga, abọ́ àti èèyàn lọ. Fáníyì nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀, kò lè dé ibẹ̀. Bí ilẹ̀kùn irin ẹnu ọ̀nà náà ò bá sì tì, gbogbo agboolé ló máa bá a lọ, tọmọdé tàgbà. Ìbídùn ti ilẹ̀kùn náà pa. Ó ń ké, "Fáníyì! Fáníyì!" bó ti ń tì í.

Ìyá ọkọ rẹ̀ sáré dé, ó gba ojú dígí ilẹ̀kùn wo inú lọ́hùn-ún títí. Nígbà tó yíjú padà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Ìwọ lo tì í?"

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà."

"O mọ̀ pé báyìí ló máa rí?"

"Mo mọ̀, mà. Mo sọ fún wọn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, mà."

"Ọmọ mi méjèèjì, Ìbídùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré?"