Ẹni Tó Wà Nínú Ikùn Ọkọ̀

Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí bóyá mo mu nǹkan kan. Omi lásán kò kan ọ̀fun mi. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ, kò sì sí èyí tó ń dùn mí nínú wọn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi Fintan. Òyìnbó ni, kò bá wa tan, kò sì ní ìdí kankan tí yóò fi gbè sẹ́yìn mi.

Rafiat ni orúkọ mi. Ọdún tí ààwẹ̀ bọ́ sí ìgbà òtútù ni mò ń wí, nígbà tí owó ń rìn ní Dublin, tí kiréènì kún ojú sánmà débi pé ẹ kò lè ya fọ́tò kí ọ̀kan má yọjú sí i. Mò ń ṣe ṣíìfù òwúrọ̀ ní wáhàósì kan ní èbúté. Bàbá mi, Alhaji Yàhàyá, ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Hartstown, àdúgbò kan ní Dublin. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n dé láti Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí bàbá mi jẹ́. Ọ̀gá kápẹ́ńtà ọkọ̀ ni, ní ọgbà ọkọ̀ àwọn ológun ojú omi l'Ékòó. Ìgbà ọmọdé ló ti wọ ibẹ̀, nígbà tí òyìnbó ṣì ń pàṣẹ. Wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní England. Nígbà tí a gbòmìnira, ó padà wálé, ó sì ṣiṣẹ́ títí ó fi di olórí ṣọ́ọ̀bù onígi. Irin ni ọkọ̀ ogun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ ogun tí kì í gbé ọkọ̀ onígi kéékèèké dání, ọwọ́ bàbá mi sì ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Kí ẹ wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sí pálọ̀ ní Hartstown, kó máa wo òjò lójú fèrèsé! Ó ń rù. Mò ń rí i, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ gidigidi.

Fintan ló gbà wá. Òun ni fóòmàn wa ní wáhàósì. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé fi ọkọ̀ onígi kan sílẹ̀ fún un nínú ilé páànù kan létí odò Liffey. Wọ́n ti ta ilẹ̀ ibẹ̀, ilé alájà ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ kúrò kí ọdún tó parí. Ó ń jò bí asẹ́. Mo ní bàbá mi lè tún un ṣe. Fintan wò mí, ó ní, "Grand," pé ó dáa.

Bàbá wọ ilé páànù náà, wọ́n fi ọwọ́ pa ọkọ̀ lára láti imú dé ìdí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Rafiat, wọ́n kan èyí dáadáa o. Ara rẹ̀ le. Ìṣó rẹ̀ ló ti kú."

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sààrì bí èèyàn.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á dúró níta ọkọ̀, á gbá ìṣó bàbà wọlé, á sì fi irin wúwo ti orí ìṣó náà pinpin. Ẹnì kejì á wà nínú ikùn ọkọ̀, á fi òrùka bàbà kékeré sí ẹnu ìṣó tó yọ, á fi òòlù lù ú títí yóò fi tẹ̀ tí kò ní lè padà mọ́. Wọn kò rí ara wọn. Pákó ló wà láàárín wọn, òòlù ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀. Tí ẹni inú bá kan pákó lẹ́ẹ̀kan: tì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì: ó ti jókòó, sún síwájú. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á gbọ́ ti àwàdà: kó-kó-kóló-kó. Ìyẹn ni pé, ó yá, ká lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kúrò nídìí ọkọ̀ kó tó gbọ́ ọ.

L'Ékòó, bàbá mi ló ń wà níta. Adélékan ló ń wà nínú. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, Kìrìsìtẹ́nì tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti jọ ń lu ìṣó títí wọ́n fi jọ fẹ̀yìn tì. Bàbá a máa ní Adélékan ló dá kó-kó-kóló-kó sílẹ̀, pé ikùn rẹ̀ kì í gba sùúrù.

Ní Dublin, èmi ni mo di Adélékan. Tí mo bá parí ṣíìfù, mo wọ ikùn ọkọ̀ nìyẹn, mò ń lu ìṣó, mò ń lu àtàǹpàkò ara mi. Bàbá á máa pariwo níta.

"Rafiat! Ìṣó ni, kì í ṣe ata lò ń gún!"

Ó di ọjọ́ kan tí wọ́n dá wa dúró pẹ́ níbi iṣẹ́. Fintan ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi wá. Kùrukùru ti bo odò. Àwọn kiréènì dákẹ́. A sọ̀ kalẹ̀, a ń rìn bọ̀, mo sì ń gbọ́ ìró òòlù. Mo rò pé bàbá rí ẹnì kan bẹ̀ lọ́wẹ̀.

A dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá dúró níta ọkọ̀, irin wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pa ojú dé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kó.

Bàbá fi irin ti ìṣó. Òòlù bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò yára, kò lọ́ra.

Kó, kó.

Bàbá sún síwájú.

Fintan gun àkàbà, ó yọjú wo inú ọkọ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lójú rẹ̀. Èmi náà gùn ún. Kò sí ẹnì kankan. Fìtílà wà níbẹ̀, àpótí òrùka bàbà wà níbẹ̀, òòlù dùbúlẹ̀ sórí pákó. Gbogbo ìṣó tó yẹ kí n wá lù ti tẹ̀, ó mọ́, ó tò lọ réré. Mo fi ìka kan èyí tó kẹ́yìn. Ó gbóná.

"Bàbá," mo ní. "Ta ló wà níbí?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Bàbá!"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ń lu ìṣó báyẹn."

Tó bá jẹ́ pé Adélékan wà nínú ọkọ̀ yìí ní Dublin, tí ojú wa kò sì rí i, Adélékan ti Èkó dà?

"Ẹ jẹ́ ká fóònù sí wọn."

"Rárá. A kì í pe ẹni tó wà nínú ikùn ọkọ̀ lórúkọ kí iṣẹ́ tó tán. Tó bá gbójú sókè, á fi òòlù fọ́ ọwọ́ ara rẹ̀."

"Fóònù ni mo ní, Bàbá, mi ò ní ká kígbe."

Wọ́n wò mí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá èèwọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rù ló ń ba bàbá mi.

"Tí a ò bá tíì pè é, Rafiat, kò tíì kú."

Mo ti fóònù mi bọ àpò.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ o. Bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, mo máa ń bá bàbá níta ọkọ̀, wọ́n ń bá pákó sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ ìtàn ọ̀gá òyìnbó kan tó já sínú ọ̀sà pẹ̀lú fìlà lórí. Òòlù á dá wọn lóhùn. Kó. Kó, kó. Tó bá ku díẹ̀ kí a ṣínu, kó-kó-kóló-kó. Bàbá á gbé dàbínù kan sórí ìjókòó ọkọ̀ fún ẹni inú. Lọ́jọ́ kejì, kóró rẹ̀ nìkan la máa ń bá, tí wọ́n tò mọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀.

"Eku ni," mo ní.

"Eku wo ló ń to kóró lẹ́sẹẹsẹ?"

Fintan kò gun àkàbà mọ́, ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Á gbé tíì wá fún wa, á rántí pé a ń gbààwẹ̀, á bẹ̀ wá, á wá mu gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, kí n má parọ́. Àmọ́ inú mi ń dùn. Bàbá mi ti ń sanra nínú ààwẹ̀! Wọ́n ń kọrin nílé ìwẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, omi kún, a gbé ọkọ̀ sódò. Àwọn mọ̀lẹ́bí Fintan wá pẹ̀lú àsíá, wọ́n ń hó yèè. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ máa ń mu omi díẹ̀ kí pákó rẹ̀ tó wú. Bàbá lóṣòó, wọ́n tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. A dúró. A tún dúró. Ibẹ̀ gbẹ táútáú.

Fintan gbé bàbá mi sókè bí ọmọ tuntun.

"Sọ mí kalẹ̀, ìwọ ọmọ yìí!" Ẹ̀rín ń pa wọ́n bí wọ́n ti ń jà raparapa.

Àwọn èèyàn lọ jẹun. Ó ku àwa mẹ́ta lórí òkúta etí odò, àti ọkọ̀ tí a so mọ́ ibẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀. Ìṣínu kù díẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá.

"Iṣẹ́ ti tán," wọ́n ní. "Pè é."

Ọmọ Adélékan ti ra ọ̀kan fún un nínú fóònù alágbèéká tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Mo tẹ nọ́ńbà náà. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Mo fi etí mi ti tiwọn. Ó dún. Ó dún. Ó tún dún.

"Háló? Ta nìyẹn?"

Mo já bàbá léèkánná pé kí wọ́n dáhùn.

"Yàhàyá ni."

"Yàhàyá wo?"

"Yàhàyá ti ṣọ́ọ̀bù onígi."

"Jésù, ṣàánú mi! Níbo lo ti ń pè?"

"Dublin."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀run nísinsìnyí?"

"Ọ̀run kẹ̀? Mo wà láyé! Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi bí ti báwo? Ìwọ lo kú!"

Ó wá já síta. Adélékan ń kan ọkọ̀ ìpẹja kékeré fún àbúrò rẹ̀ kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Bàrígà. Kò rí ẹni bá a ṣe é. Ló bá wọ inú ọkọ̀, ó fi òrùka sẹ́nu ìṣó láti dánra wò, ẹnì kan sì ti irin mọ́ ọn láti ìta. Ó yọjú, kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ náà.

"Mo ní ó tán, Yàhàyá ti lọ. Mi ò jẹ́ pè ọ́, kí n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹ. Mo ti ní kí wọ́n gbàdúrà fún ọkàn ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Èmi náà ń tọrọ àforíjìn fún ẹ ní mọ́sálásí!"

Àwọn àgbà méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún, ẹkún tún di ẹ̀rín. Omijé bọ́ lójú mi, n ò ní parọ́. Fintan bi mí bóyá ọkùnrin náà wà láàyè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ju fìlà rẹ̀ sókè, odò gbé e lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì ran ara wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é, ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Olójúkòkòrò," bàbá ní. "O sì jẹ gbogbo dàbínù mi!"

"Dàbínù wo? Ṣúgà ń bá mi jà. Mi ò fẹnu kan nǹkan dídùn láti ọjọ́ yìí wá."

Bàbá wo inú ọkọ̀.

"Ṣùgbọ́n ìwọ lo ń lu kó-kó-kóló-kó."

"Èmi?" Ohùn Adélékan rẹlẹ̀. "Yàhàyá, ìwọ kọ́ lo máa ń lù ú láti ìta? Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ iṣẹ́?"

"Mi ò lù ú rí láyé mi. Inú ni mo ti ń gbọ́ ọ. O ò ṣe bi mí rí?"

"Ta ló ń bi ẹni tó pè é wá jẹun léèrè ọ̀rọ̀?"

Afẹ́fẹ́ dúró. Omi ń lá òkúta. Ọkọ̀ wà níwájú wa, òfìfo, kódà òòlù kò sí nínú rẹ̀.

Kó-kó-kóló-kó.

Fintan di apá mi mú. Inú ọkọ̀ ló ti wá. Kò pẹ́, mo gbọ́ ọ nínú fóònù, tínínrín, láti Bàrígà.

"Yàhàyá," Adélékan sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ ẹ dà?"

"Méjèèjì wà lára fóònù."

"Tèmi náà."

Iná ti ń tàn lódìkejì odò. Àsìkò ìṣínu ti tó. Bàbá mú dàbínù kan nínú àpò wọn, wọ́n là á sí méjì, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n jẹ ìdajì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ìdajì yòókù sórí ìjókòó ọkọ̀ fún ẹni tó pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n nàró, ojú wọn ń dán. Inú wọn dùn, mo búra.

"Adélékan, dìde níbẹ̀," wọ́n sọ sínú fóònù. "Wọ́n ti pè wá. Jẹ́ ká lọ jẹun."