Ọlọ́pàá Tó Bọ́ Bàtà

Òjò ń rọ̀ ní ìlú Cairns lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù Darrell, níbi tí Wilai àti Pensri, obìnrin Tháílàǹdì méjì, ti ń fi òróró wọ́ oníbàárà lára. Ó fi káàdì kan kọ́rùn, ó sì há báàgì mọ́ abíyá.

"Mason lorúkọ mi, láti Imigiréṣọ̀n. Pásípọ́ọ̀tù yín dà?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe?" Wilai bi í.

"Kí lẹ ṣe? Ẹ̀ ń ta ara yín níbí! Ṣé ẹ rò pé ojú wa fọ́ ni? Ẹ mú un wá!"

Wilai kò ta ara rí. Èjìká àti ẹ̀yìn ló mọ̀ ọ́n wọ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní Khon Kaen. Síbẹ̀, ó fa ìwé rẹ̀ kalẹ̀, Pensri náà fa tiẹ̀ kalẹ̀. Darrell ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Nígbà tí Mason kó ìwé méjèèjì lọ, Darrell nu ojú.

"Màá bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, oníbàárà tó bá béèrè nǹkan mìíràn, ẹ má kọ̀ fún un. Ẹni tó bá kọ̀, màá ní kí Mason wá mú un."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko! Ilẹ̀kùn yàrá kò ní kọ́kọ́rọ́. Oníbàárà kan fún Wilai lọ́rùn títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú, kò sì pariwo. Ta ni yóò pè? Ọlọ́pàá tó ń sá fún? Àwọn ìkà mọ bí wọ́n ṣe ń so èèyàn mọ́lẹ̀ láìlo okùn. Láràárọ̀ ni Wilai ń kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń gbé òdòdó síwájú ère Búdà tó wà lórí àpótí kan. Ohun kan ló ń tọrọ: kí pásípọ́ọ̀tù padà, kí òun lè lọ sílé.

Pensri lọ́rọ̀ náà kọ́kọ́ yé. Wọ́n ń ká táwẹ̀lì lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Wilai, ṣé o rántí ẹsẹ̀ Mason?"

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ ọ. Ó tún na ẹsẹ̀ sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó fa sílípáàsì tá à ń fi pamọ́ síbẹ̀ yọ, kò tiẹ̀ wolẹ̀. Ọlọ́pàá wo ló ń wá múni tó kọ́kọ́ ń bọ́ bàtà?"

Wilai jókòó pẹ̀lẹ́. "Gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń bọ́ ọ. Ojú wa ti mọ́ ọn jù."

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

"Tá a bá lọ sọ ọ́, ṣé wọn ò ní kó àwa náà?"

"Wọ́n lè kó wa. Ṣé ibi tá a wà yìí wá dáa?"

Pensri lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ bọ́ bàtà. "Ẹ má bọ́ ọ, mà," ni Sájẹ́ńtì Tully, obìnrin tó wà níbẹ̀, wí. "Ẹ máa bọ̀." Pensri sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Tully sì ní kó pe òun tí Mason bá tún dé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mason tún dé. Pensri rọra tẹ Tully láago láti yàrá kejì.

"Mo gbọ́ pé ò ń kọ oníbàárà," Mason wí fún Wilai.

"Orí ló ń fọ́ mi, ọ̀gá."

"Ṣé kí n dá ọ padà sílùú yín ni?"

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Bàtà ọlọ́pàá mẹ́rin gun ẹní wọlé. Mason sá gba ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú, sílípáàsì sì já lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń tiro lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí wọ́n fi gbá a mú lẹ́bàá ọgbà.

"Ta ló fún ọ ní káàdì yìí?" Tully bi í.

"Mi ò mọ nǹkan kan."

"Mo ní ta ni?"

"Darrell ni! Àbúrò ìyàwó ẹ̀ ni mí. Ó ní wọn ò ní lè sọ fẹ́nì kankan láé!"

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Darrell. Inú àpótí tí Búdà wà lórí rẹ̀ ni pásípọ́ọ̀tù wà, tìwọn àti ti obìnrin mẹ́rin tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Wilai fi kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó gbá ìwé náà mọ́yà, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí i wò. Físà tó fi ń gbé ìlú náà ti parí láti ọjọ́ mọ́kànlá.

"A ó bá ọ kọ̀wé sí Imigiréṣọ̀n," Tully wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé wọn ò ní mú ọ."

Nígbà tí wọ́n kó Mason àti Darrell lọ, ẹrẹ̀ bàtà ọlọ́pàá kún orí ẹní tí Wilai ń fọ̀ láràárọ̀. Ó mú àkísà, ó kúnlẹ̀. Pensri di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. A ò fọ ẹní Darrell mọ́."